Imọ̀ Ọ̀pẹ Tó Wọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Lọ́jọ́ fídáù Ìyá Àgbà, gbogbo àwọn tó ti bá a jà l'Ọ́jà'ba, látorí ẹni tó gbé ọjà dí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ dórí ẹni tó pè é ní aláṣejù, ni wọ́n jókòó lábẹ́ kánópì tí wọ́n ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Ẹkún ni kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ìyá tí mo mọ̀ kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ó lẹ́nu, ó láyà, iná mànàmáná pàápàá ó máa ń bá a jà. Nítorí náà, kí wọ́n tó yìn ín títí tí yóò fi di ẹlòmíì mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́.

Ràbíátù lorúkọ rẹ̀, òun ló bí màmá mi. Bẹ́yẹrúnká ni agboolé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Alhájà ni, ó ti dé Mẹ́kà, kì í fi ìrun márààrún ṣeré. Ṣùgbọ́n tí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé, kò sí ẹni tó ń ta ọ̀ṣọ́ Kérésì tó o ní gbogbo ìsàlẹ̀ Mápó.

Ìgbà òjò ọdún yìí ló jáde láyé. Ní báyìí Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni màmá mi sì sọ pé a ò ní so nǹkan kan sẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti òun nìkan ni onígbàgbọ́ nínú agboolé náà. Ó ní ẹni tí a fi ẹ̀yìn tì ti lọ, kí a rọra máa gbé inú ilé onílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ilé tí mo dàgbà sí di ilé onílé nígbà wo? Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, ni olórí agboolé; títí di ìgbà yẹn kò tíì jáde sí fàráńdà láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ nìkan la ń gbọ́. A ò mọ ohun tó ń rò nípa wa, màmá mi sì ń bẹ̀rù àtibéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá Ìyá Àgbà mọ́, ohun tí a bá lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì àti tẹ̀sùbáà rẹ̀, ni Bàbá Kérésì onírọ́bà kan tó ga tó ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń dúró níwájú ìsọ̀, oòrùn ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú bíi tiwa. Ìjì ló gbé fìlà pupa rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà bá mú fìlà funfun tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ sí Jímọ̀, ó fi dé e. Ó ní àgbà tó nírùngbọ̀n tó báyìí, kò yẹ kí orí rẹ̀ wà lásán. Ọjọ́ kan ni àáfà kan tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa ń kọjá, ó rí irùngbọ̀n, ó rí fìlà, ó bá kí i ní àsàlámù àléékù. Gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí ojú ti àáfà, ó ní, "Ó ti dáhùn, ẹ má bínú. Inú ló ti ń dáhùn."

Ọjà rẹ̀ ò ní ojú kan. Nínú Ràmàdáánì, dàbínù tí wọ́n fi ń ṣínu àti bútà àlùwàlá ló ń tà. Tí Iléyá bá kù díẹ̀, okùn àgbò àti ọ̀bẹ ni. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, á kó ríbọ́ọ̀nù dídán, iná wẹ́wẹ́, aago oníke, bàlúùnù àti irùngbọ̀n olówùú jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhájà ti tún di Kìrìsìtẹ́nì. Kì í bínú. Á kàn bi wọ́n léèrè bóyá ẹni tó ń ta agbòjò náà ló ń rọ òjò.

Ohun tó dùn mọ́ ọn ju èrè lọ ni kó mọ bí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣọdún tirẹ̀. Àwọn Aládùúrà, funfun àti àbẹ́là ni, má fi pupa lọ̀ wọ́n. Àwọn oníṣòwò Ìgbò tó ń lọ sílé, iná tó tóbi jù ni wọ́n ń fẹ́, torí ilé tí wọ́n kọ́ sílùú wọn, ìgbà Kérésì ni gbogbo ìdílé ń péjọ síbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ hàn láti ọ̀nà jíjìn pé àwọn tó ni ín ti dé. Àwọn ọmọ yunifásítì á fi fóònù hàn án pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà, wúrà àti pupa nìkan. Ìyá Àgbà á wo fóònù náà pẹ́, á ní ó rẹwà, lẹ́yìn náà á ta ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé tó kù sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà ló kọ́kọ́ béèrè àwọn ère kéékèèké tí wọ́n ń tò bí ibùjẹ ẹran: Màríà, Jósẹ́fù, ọmọ ìkókó, àwọn darandaran. Ìyá Àgbà bá a wá a títí ó fi rí i. Nígbà tó tú páálí náà, ó mú ìyá àti ọmọ jáde, ó ní òun mọ àwọn wọ̀nyí, wọ́n wà nínú Kùránì. Ó tún mú ẹran kan jáde, ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á ní Iléyá. Ó bi ìyá yẹn pé ta ló máa pa á. Ìyá yẹn ní wọn kì í pa á, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ìyá Àgbà rò ó, ó ní, "Kò burú. Ọdún tí àgbò bá ti wà ńbẹ̀, ọdún gidi ni."

Mo ní ó máa ń bá iná jà. Iná Kérésì méjì ló wà, èyí tó ń tàn gbọin, àtèyí tó ń ṣẹ́jú. Kò fẹ́ rí èyí tó ń ṣẹ́jú sójú. Oníbàárà á ní èyí tó ń tàn tó ń kú yẹn lòun fẹ́, Ìyá Àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Èmi tó ń bá a tà lọ́jọ́ Sátidé á máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́. Kò ní dákẹ́. Á ní iná tó ń tàn tó ń kú la bá láyé n'Ìbàdàn níbí, kí lèèyàn tún fẹ́ fowó rà á ṣe?

Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ń gbé ní Jámánì. Tó bá pè wá lórí fídíò, Ìyá Àgbà ò ní béèrè bóyá ó ti jẹun, ọ̀ṣọ́ ilé ni yóò ní kó fi hàn òun. Wàsíù sọ fún un pé lọ́hùn-ún, tí Kérésì bá ń bọ̀, àwọn ọmọdé á gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà sùn, wọ́n á sì bá súìtì nínú rẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Ó ní, "Ní Bẹ́yẹrúnká níbí, tó o bá gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà sùn, ohun tó o máa bá níbẹ̀ láàárọ̀ ni ẹnu ọ̀nà."

Ṣùgbọ́n ìgbà tí Wàsíù sọ ọ̀rọ̀ igi fún un, kò rẹ́rìn-ín. Igi gidi ni wọ́n ń gé wọlé níbẹ̀, tútù, olóòórùn dídùn. Ìyá Àgbà bi í pé kí ni wọ́n wá ń ṣe sí i tí ọdún bá parí. Wàsíù ní wọ́n á gbé e síta, ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ á wá kó o. Ojú Ìyá Àgbà yí padà. Ó ní ẹ pe àlejò wọlé, ẹ fi ọ̀ṣọ́ sí i lára, ẹ kọrin yí i ká, tí ẹ bá jẹun tán ẹ wá tì í síta? Ọ̀rọ̀ yẹn gbé e lọ́kàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó tù ú nínú ni aládùúgbò Wàsíù kan tó wá láti Filipíìnì. Aládùúgbò yìí ní lọ́dọ̀ tiwọn, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń gbé ọ̀ṣọ́ Kérésì kọ́. Ìyá Àgbà ní kí Wàsíù bá òun kí onítọ̀hún dáadáa, pé àwọn ará ibẹ̀ mọyì ọjà.

Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ̀ṣọ́ nù. Ríbọ́ọ̀nù tí kò bá tà ní Kérésì, ọrùn àgbò Iléyá ló ń lọ. Ọdún kan, ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa wé ìwo àgbò Bàbá Àgbà, ó tún so aago oníke mọ́ ọn lọ́rùn. Àgbò já okùn. Ó sáré gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọrin Kérésì nínú oṣù Iléyá. Nígbà tí wọ́n fà á padà dé, inú bí Bàbá Àgbà gan-an, ó ní Ràbí ti fi ẹran ìrúbọ òun ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá Àgbà wólẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìgbà tó dìde tó ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀ ló wá ní, "Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, Bọ̀ọ̀dá, kó má múra ni?"

Ẹ ò tíì mọ Bàbá Àgbà. Télọ̀ ni, télọ̀ agbádá, títí tí ojú fi ní kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kì í pariwo. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá wọ́ níwájú rẹ̀, bó jẹ́ ẹní, bó jẹ́ fìlà lórí ọmọ ẹlòmíì, kò lè sinmi. Ó ní ọ̀pá ìwọnṣọ kan tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń tún gbogbo ayé ṣe.

Ní báyìí, ohun tí kò kúrò lójú mi rí.

Síkírátù ni màmá mi ń jẹ́ kó tó lọ fẹ́ onígbàgbọ́, tó di Sérà. Ìyá Àgbà sunkún nítorí ìyẹn, kò fi pamọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló se oúnjẹ ìgbéyàwó. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣì kéré. Èmi àti màmá mi kó ẹrù wá sí Bẹ́yẹrúnká, wọ́n fún wa ní yàrá iwájú. Bàbá Àgbà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kàn sọ ọ̀rọ̀ kan: kí oníkálukú máa ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà, ti gbogbo ilé ni. Màmá mi gbà. Kérésì àkọ́kọ́ ń bọ̀, kò so nǹkan kan, kò jẹ́ kí n fẹ́ bàlúùnù kan ṣoṣo. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun nílé tó kù fún un. Mo ń rí ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ń rí tiwa. Ó dùn mí gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà á ti ọjà dé, ìyẹ̀fun dídán ara ríbọ́ọ̀nù á máa tàn lára ìborùn rẹ̀, á sì kọjá níwájú ilẹ̀kùn wa tó ṣófo. Lọ́jọ́ kan ó dúró. Ó wo ilẹ̀kùn náà, ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Ó bá wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì kò lọ sí ìsọ̀. Ọjà Òjé ló gbà lọ, ó ra imọ̀ ọ̀pẹ tútù, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́ ní Kérésì kí oníke tó dé. Ó gbé e rù lọ́sàn-án gangan, ó gba àárín àdúgbò kọjá, gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó gbé bẹ́ǹṣì sẹ́nu ọ̀nà wa, ó gùn ún tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó so imọ̀ náà sókè ilẹ̀kùn. Màmá mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí. Bàbá Àgbà wà lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà.

Ó ní, "Ràbí, ẹnu ọ̀nà àwọn bàbá wa nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá," ni Ìyá Àgbà wí látorí bẹ́ǹṣì. "Ṣé ẹ rántí tíṣà tó gba yàrá yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé? Ta ló máa ń gun àga so imọ̀ fún un tí Kérésì bá dé?"

Àwọn méjèèjì mọ ìdáhùn, bàbá wọn ni. Ìyá Àgbà ló wá ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé tíṣà yẹn ló máa ń di okùn àgbò mú fún bàbá wọn ní Iléyá, bàbá wọn náà ló sì ń so imọ̀ fún tíṣà ní Kérésì, torí tíṣà ga mọ níwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ò tó òkè. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.

Bàbá Àgbà wo imọ̀ náà pẹ́. Mo rò pé yóò ní kí wọ́n já a. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó wọ́. Ó fì sápá òsì." Ó dìde, ó mú ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ̀, ó fi ti imọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tọ́. Ó padà sórí àga. Nígbà tí Kérésì dé, màmá mi gbé ìrẹsì lọ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Àgbà á so imọ̀, á wọ́, Bàbá Àgbà á jáde wá ráhùn, á sì tún un ṣe. Nígbà tí mo dàgbà, mo ní kí Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, kí n bá a so ó kó tọ́. Ó kọ̀. Mo rò pé agídí àgbà ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ìrẹsì, mo bi í léèrè bó ṣe jẹ́ pé obìnrin tó ń so ọ̀ṣọ́ fún gbogbo Ọjà'ba kò lè so imọ̀ kan ṣoṣo kó tọ́.

Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mò ń so ó kó wọ́ ni. Tó bá tọ́, kí ló máa gbé Bọ̀ọ̀dá dìde? Nǹkan tí èèyàn bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, kò lè ní kí wọ́n já a dànù."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láàárọ̀ àná, mi ò sọ fún màmá mi, mo gba Òjé lọ. Mo ra imọ̀, mo gbé e gun ọ̀kadà, ọlọ́kadà ń ráhùn pé ó ń gún òun létí láti Òjé dé Bẹ́yẹrúnká. Nígbà tí màmá mi rí mi, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá lọ, kò sọ pé kí n ṣe é, kò sọ pé kí n má ṣe é. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan náà yẹn síta.

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti so nǹkan kó wọ́. Tó bá wọ́ jù, ó di àṣejù. Tí kò bá wọ́ tó, a ò ní rí i. Mo fì í sápá òsì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó, mo tún gùn ún. Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo wọ́ bẹ́ǹṣì nílẹ̀ kó pariwo dáadáa. Ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà ò ṣí. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ ti dáwọ́ dúró. Mo dúró níbẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé tí kò bá jáde, màá fọwọ́ ara mi já a.

Ilẹ̀kùn dún. Bàbá Àgbà jáde, ó ti rù, ọ̀pá ìwọnṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó so ó. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni, sà.

"Ó wọ́," ló wí.

Ó gbé ọ̀pá sókè. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó ti imọ̀ náà, ó ti í, títí ó fi tọ́. Màmá mi ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Àgbà ní kó bá òun gbé àga òun jáde sí fàráńdà, ó sì jókòó.

Ó ní, "Ràbí rò pé mi ò mọ̀ pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èmi télọ̀ kẹ̀?" Ó tún wo òkè ilẹ̀kùn wa, ó wá yíjú sí mi. "Lọ́dún tó ń bọ̀, jẹ́ kó wọ́ ju báyìí lọ. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."